Ọ̀gá Ó Dáa

Ọ̀gá márùn-ún ni mo ti bá ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé wa nínú Ẹdẹ níbí. Èyí àkọ́kọ́ máa ń jágbe. Èyí tó tẹ̀ lé e kì í sọ̀rọ̀ rárá, báírò ló máa ń fi tọ́ka sí nǹkan. Ẹ̀kẹta ń ka ṣọ́ọ̀kì inú páálí ní àràárọ̀, bí ọ̀kan bá dín, kò ní sẹ́ni tó máa sinmi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹrin, kí Ọlọ́run forí jì í, ìpàdé ló ń lọ ní gbogbo ìgbà, a ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni akọ̀wé gbogbo wọn. Àtinúkẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹniọlá ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ni tábìlì mi wà, kò sí ẹni tó lè wọlé kí n má rí i, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ níbẹ̀ kí n má gbọ́ ọ. Ògiri wọn ò nípọn.

Ẹ̀karùn-ún wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga Ọládòṣù. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń sọ pé “ó ṣe” àti “ó wí” níbí. Níwájú rẹ̀, “ẹ” ni mo ń lò, nítorí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò kó tó dé orí àga. Ọmọ Ẹdẹ ni. Bàbá rẹ̀ ló ń rán aṣọ ọdún fún ìdajì àwọn tó ti di àgbà nílùú báyìí, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Onísùúrù ni Ọládòṣù. Nínú kíláàsì, kì í na ọmọ, kì í sì í pe ọmọ ní òmùgọ̀. Bí ọmọ kan bá dìde tó ní méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, á ní, “Ó dáa. Ta ló tún fẹ́ gbìyànjú?” Bí ẹlòmíràn bá dìde tó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, á tún ní, “Ó dáa,” á wá yí padà, á kọ ọ́ sójú pátákó. Àwọn ọmọ mọ èdè rẹ̀. Lẹ́nu tíṣà yìí, “ó dáa” kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni”, kì í sì í ṣe “rárá”. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé mo gbọ́ ọ, jókòó. Kò sí ọmọ tó ṣì í gbọ́ rí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí “ó dáa” jáde kúrò nínú kíláàsì, tó wọ ọ́fíìsì.

Adelé ni wọ́n fi í ṣe nígbà tí ọ̀gá kẹrin lọ. Lẹ́tà tó wá láti Òṣogbo ní kó ṣe é fún oṣù mẹ́fà, pé bí ó bá kù díẹ̀ kí oṣù mẹ́fà pé, olùbẹ̀wò á wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí olùbẹ̀wò bá kọ ohun rere, ipò náà di tirẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, wọ́n á gbé ẹlòmíràn wá, Ọládòṣù á sì padà sínú kíláàsì, lójú àwọn tíṣà tó ti ń pè é ní ọ̀gá fún oṣù mẹ́fà. Ó sì fẹ́ ipò náà, kò fi pa mọ́ fún mi. Láti ìgbà ọ̀gá kejì ni òjò ti ń wọ inú láàbù wa. Ọládòṣù ti sọ fún mi nígbà tó ṣì jẹ́ tíṣà pé bí òun bá dé orí àga yẹn lọ́jọ́ kan, òrùlé láàbù lòun máa kọ́kọ́ ṣe.

Èmi náà fẹ́ kó jẹ ẹ́. Kí n má parọ́, mo ní ìdí tèmi. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí àga, mo gbé báàgì mi ní agogo méjìlá, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sáré dé ṣọ́ọ̀bù Ẹniọlá.” Ó ní, “Ó dáa.” Mo lọ. Jímọ̀ kejì, mo tún gbé báàgì, ó tún ní ó dáa. Láti ìgbà náà, agogo méjìlá ni iṣẹ́ mi ń parí ní Jímọ̀, nígbà tó jẹ́ pé agogo méjì ni ti àwọn yòókù. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa bá ọ̀gá mi jiyàn?

Àwọn tíṣà náà ò gbẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń fa ìlà pupa sínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí láàárọ̀. Bí agogo mẹ́jọ bá lù, mo fà á, ẹni tó bá pẹ́, abẹ́ ìlà ló máa fọwọ́ sí. Bó ṣe wà láti ayébáyé nìyẹn. Lábẹ́ Ọládòṣù, tíṣà á pẹ́, á yọjú sí ọ̀gá, á ní, “Sà, ọ̀kadà ló já mi kulẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sókè ìlà.” Ọ̀gá á ní ó dáa. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ìlà pupa mi ti di ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn ọmọ ìwé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ó Dáa, àwọn tíṣà gbà á lẹ́nu wọn, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi.

Báyìí la ṣe wà tí Ọjọ́bọ̀ burúkú kan fi ń bọ̀.

Alhaja Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ gba “ó dáa” tiwọn. Ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé gan-an ni agboolé wọn wà, àwọn sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń ra ẹ̀gẹ́ láti oko ìlú Ara, tí wọ́n ń fi í ṣe láfún. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n súre fún ọ̀gá títí dórí àwọn ọmọ tí kò tíì bí.

“Olúgbénga,” ni wọ́n wí, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n láti kékeré, “kọnkéré iwájú họ́ọ̀lù yín yẹn, òòrùn ibẹ̀ dára. A fẹ́ sá láfún wa síbẹ̀ ní Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ kan péré ni. Ilẹ̀ tiwa ṣì tutù.”

“Ó dáa, mà,” ni ọ̀gá wí.

“Ọlọ́run á gbé ọ ga.”

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji Salman dé. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, pákó ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti ṣèlérí pákó fún òrùlé láàbù. Wọ́n ní Ahmad, ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn tó jẹ́ dókítà ojú, ń bọ̀ wálé, ó sì fẹ́ yẹ ojú àwọn àgbàlagbà wò lọ́fẹ̀ẹ́. “Họ́ọ̀lù yín nìkan ló lè gbà wá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, láàárọ̀ kùtù.”

“Ó dáa, sà,” ni ọ̀gá wí.

Ní Jímọ̀, kí n tó gbé báàgì mi, Grace Afọlábí wọlé, tíṣà kẹ́mísírì wa. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. “Sà, àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá máa ṣe ìdánrawò pírátíkà. Òjò ń wọ láàbù, họ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lò. Tọ́sìdeè.”

“Ó dáa.”

Etí mi ni mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mi ò sì sọ ọ́. Mo rò pé ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ni ní ìṣirò á mọ̀ pé Àlàmísì, Ọjọ́bọ̀ àti Tọ́sìdeè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà dé láti Òṣogbo. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́jọ àárọ̀. Mo sáré gbé e wọlé.

Ó kà á. Ó ní, “Ó dáa.”

“Kò dáa, ọ̀gá,” ni mo wí. “Ta lẹ fún ní họ́ọ̀lù ní Ọjọ́bọ̀?”

“Mi ò fún ẹnì kankan.”

“Alhaji Salman ńkọ́?”

“Wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ẹ. Mo gbọ́ wọn.”

“Kí lẹ fi dá wọn lóhùn?”

“Mo ní ó dáa.”

Mo wò ó, kò sì parọ́. Ọkùnrin yìí gbà ní tòótọ́ pé òun ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, inú kíláàsì ni gbogbo Ẹdẹ ṣì wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dìde dáhùn, òun sì ti ní kí wọ́n jókòó.

“Ọ̀gá,” ni mo wí, “bí mo bá wá yá ìkòkò lọ́wọ́ ìyàwó yín, tí wọ́n ní ó dáa, ṣé kí n gbé ìkòkò lọ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?”

Ó ronú sí i bí ẹni pé ìbéèrè ìdánwò ni. “Ẹ ó gbé e.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí lẹ́tà. “Gbogbo àwọn tó ti wá síbí láti oṣù márùn-ún…” ni ó wí.

“Gbogbo wọn ló ti gbé ìkòkò lọ, ọ̀gá.”

Mi ò mẹ́nu ba Jímọ̀ tèmi. Ìyẹn kọ́ là ń sọ lọ́jọ́ náà.

Ó ní òun á lọ bá wọn, òun á ṣàlàyé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ. Nígbà tó padà, ọ̀rá láfún kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ sọ fún Alhaja?”

“Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n ní kí n gba èyí fún àwọn ọmọ.”

“Kí lẹ wá wí?”

Ó gbé láfún náà sórí tábìlì mi. “Alhaji Salman fi pákó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún láàbù hàn mí,” ni ó wí. “Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ilé-ìwé wa sí i lára. Ìyá Ẹniọlá, ibo ni mo fẹ́ gbé ẹnu tí màá fi sọ ọ́ gbà?”

Mo bínú sí i, ó sì tún ṣe mí láàánú. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú Ẹdẹ yìí, báwo ló ṣe fẹ́ wo ojú àgbà, kó ní rárá? Àwa yòókù ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. A ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.” A ó ní, “Ọlọ́run á ṣe é.” A ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ará ilé sọ ọ́.” Rárá ni gbogbo wọn, a kàn wọ aṣọ fún un ni. Ọládòṣù ò tiẹ̀ mọ ìyẹn lò.

Ọjọ́bọ̀ dé. Nígbà tí mo wọ ọgbà ilé-ìwé ní agogo méje àbọ̀, òórùn láfún ló kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n ti tẹ́ tapólì bo gbogbo kọnkéré, láfún funfun báláú lórí rẹ̀, Alhaja Fàtímọ̀ sì jókòó sí ìkángun pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́. Àwọn ọmọ tó yẹ kó tò síbẹ̀ fún àdúà àárọ̀ ń rìn ní etí etí. Mo wo inú họ́ọ̀lù. Àwọn àgbàlagbà bí ogún ti jókòó, Alhaji Salman wà níwájú wọn, dókítà Ahmad sì ti lẹ ìwé alábídí ńláńlá mọ́ ògiri. Bàbá kan ti di ojú kan, ó ń fi èkejì ka lẹ́tà, ó sì ń bá dókítà jiyàn. Lẹ́nu ọ̀nà, Grace Afọlábí dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá, gbogbo wọn di ìgò àti ọpọ́n pírátíkà mú, ojú Grace sì ti pọ́n.

“Ìyá Ẹniọlá,” ni ó wí, “ó ní ó dáa fún mi.”

“Fún èmi náà,” ni Alhaji wí láti inú.

“Èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún,” ni Alhaja wí láti ìta.

Mo sáré bá ọ̀gá nínú ọ́fíìsì. Ó dúró sẹ́nu fèrèsé, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Aṣọ funfun gbòò ló wọ̀ nítorí olùbẹ̀wò. Mo ti ro ohun tí màá sọ láti ilé.

“Ọ̀gá, ẹ sọ pé èmi ni mo ṣì í kọ. Ẹ ní akọ̀wé ló kọ ọjọ́ mẹ́ta pọ̀. Mo ti dàgbà, kò sí ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe.”

“Rárá,” ni ó wí.

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Rárá, Ìyá Ẹniọlá. Ẹ ṣeun. Ẹnu tèmi ló sọ ọ́.”

Ó jáde, ó gba etí tapólì kọjá, ó wọ họ́ọ̀lù. Níwájú Alhaji Salman àti gbogbo àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, aṣọ funfun àti gbogbo rẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì tí wọn ò tíì gbá. Àwọn ọmọ ìwé ń wo ọ̀gá wọn látẹnu ọ̀nà. Dókítà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó dìde, ó dìde, kò sì gbọn eruku kúrò lára.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá,” ni ó wí, “ẹ forí jì mí. Alhaji ò parọ́. Alhaja ò parọ́. Mísíìsì Afọlábí náà ò parọ́. Mo ní ó dáa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Lọ́kàn tèmi, mo kàn ń sọ pé mo gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ ìyẹn. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.” Ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. “Àwọn ọmọ yìí ló ni họ́ọ̀lù lónìí. Ìdánwò wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n lè lò.”

Alhaji Salman wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Rárá lo ń sọ fún mi nìyẹn, Olúgbénga?”

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ pákó tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sí. Mo mọ̀ pé ọkàn tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

“Rárá ni, sà. Lórí họ́ọ̀lù. Kíláàsì ìṣirò mi ṣófo láàárọ̀ yìí, àga wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì dára. Bí ẹ bá lè fara mọ́ ọn, màá bá yín gbé ẹrù lọ síbẹ̀.”

Alhaji fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn.

“Ṣé o mọ ohun tó ń bí mi nínú?” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe “rárá” tí o sọ yìí. Ká ní o ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, mọ́ṣáláṣí wa ni ǹ bá kó wọn lọ. Àwa àgbà ti gbọ́ rárá rí, a ò kú. O wá jẹ́ kí n kó àwọn bàbá arúgbó rìn wá sí ibi tí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni ọ̀gá wí. Omi lé ròrò sí i lójú. Tèmi náà ò jìnnà.

“Ó yá, ẹ gbé àga,” ni Alhaji wí fún àwọn èèyàn wọn. Bàbá tó ń ka alábídí ní òun ò ní dìde àfi tí òun bá ka ìlà ìsàlẹ̀ tán. Wọ́n ká ìwé náà kúrò lára ògiri, bàbá sì tẹ̀ lé e.

Ti Alhaja Fàtímọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá jáde lọ bá wọn, ó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì.

“Mà, kò ní ṣeé ṣe. Orí kọnkéré yìí ni gbogbo ọmọ ń tò sí.”

“O ní ó dáa. O tún gba láfún lọ́wọ́ mi.”

“Mo gbà á, mà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí n tó gbà á.”

Wọ́n bú u díẹ̀. Wọ́n bú bàbá rẹ̀ tó rán kọ́là aṣọ wọn ní wíwọ́ ní ọdún kan báyìí. Ọ̀gá ò dìde. Nígbà tí wọ́n bú u tán, wọ́n ní kó di etí tapólì mú. Àwa obìnrin ilé-ìwé di ọ̀kan mú, àwọn tíṣà ọkùnrin di òmíràn, a sì kó láfún náà padà sẹ́yìn ògiri. Nígbà tí agogo mẹ́jọ lù, orí kọnkéré ti mọ́. Òórùn nìkan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn ò sì létí tí a fi lè gbé e.

Olùbẹ̀wò ò dé ní agogo mẹ́jọ. Kò dé ní mẹ́sàn-án. Ogún ìṣẹ́jú ti kọjá lórí agogo mẹ́wàá kí Ọ̀gbẹ́ni Zakariyah tó wọlé. Ọkùnrin gíga ni, ó gbé báàgì aláwọ̀ dúdú kan, inú báàgì yẹn sì ni fọ́ọ̀mù Ọládòṣù wà. Ó ti kọ́kọ́ yà sí ìlú Awo, ọkọ̀ sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá jáde wá pàdé rẹ̀ nídìí tábìlì mi, Grace náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú tíṣà méjì tó pẹ́ láàárọ̀ yẹn, tí wọ́n ń dúró de ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí. Mo ṣí ìwé àlejò.

“Ìyá,” ni Ọ̀gbẹ́ni Zakariyah wí fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, “ẹ bá mi kọ agogo mẹ́jọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ló ṣe mí báyìí.”

Kí n sọ òótọ́, báírò mi ti wà lórí ìwé. Kí ni agogo mẹ́jọ lára àlejò tó gbé ayé èèyàn sínú báàgì? Mo wo ojú ọ̀gá.

“Ó…” ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Mo di ojú.

“Ó dùn mí fún ti ọkọ̀ yín, sà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú lẹ dé, bẹ́ẹ̀ la máa kọ ọ́. Ẹ má bínú. Àwọn tíṣà mi ń wò mí. Bí mo bá fi yín sókè ìlà, mi ò ní lè fi ẹnikẹ́ni sábẹ́ rẹ̀ mọ́.”

Ẹ̀rín kúrò lójú olùbẹ̀wò. Ó wo ọ̀gá, ó wo eruku sìmẹ́ǹtì tó wà láyà aṣọ funfun rẹ̀, ó tún wo ìwé.

“Ó dáa,” ni Ọ̀gbẹ́ni Zakariyah wí.

Èmi àti ọ̀gá wo ara wa. Àwa méjèèjì ò mọ èwo nínú “ó dáa” nìyẹn. Mo kọ agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwọn tíṣà méjì yẹn sì fọwọ́ sí abẹ́ ìlà pupa láìbẹ ẹnikẹ́ni. Olùbẹ̀wò yí ilé-ìwé ká, ó wo họ́ọ̀lù, ó wo òrùlé láàbù, ó béèrè ohun tó ń rùn, ó kọ̀wé púpọ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Jímọ̀, mo gbé báàgì mi ní agogo méjìlá. “Ọ̀gá, mo ń sáré dé ṣọ́ọ̀bù Ẹniọlá.”

Ó gbójú sókè. “Ìyá Ẹniọlá, agogo méjì la ń parí.”

Inú bí mi. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìkòkò! Mo padà jókòó, mo ń gbé fáìlì kalẹ̀ gbà-á, gbà-á, kó lè gbọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi báàgì kọ́ èjìká bóyá ó máa rí i, ó rí i, ó kí mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni pákó Alhaji Salman dé. Wọ́n bá a wá fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú àwọn rí i pé inú láàbù ló lọ, nítorí ojú àwọn ti mọ́lẹ̀ báyìí, dókítà ti fún àwọn ní awò.

Jímọ̀ kẹta ni ọkùnrin ọlọ́kadà kan dé láti Òṣogbo, agogo kan ti lù dáadáa. Ó mú lẹ́tà kan lọ́wọ́ tó ní kí n fọwọ́ sí. Ó ní òun ti yà sí ilé-ìwé méjì kí òun tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí akọ̀wé ní ìkankan, ó di ọjọ́ Ajé kí òun tó padà síbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo gbé lẹ́tà wọlé. Ọ̀gá fi rúlà ya á. Ó kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ó ká a, ó fi í sábẹ́ awò ojú rẹ̀.

“Ó dáa,” ni ó wí.

Mi ò kúrò níwájú tábìlì. “Ọ̀gá, èwo nínú rẹ̀ ni?”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín.

“Èyí tó dáa, Ìyá Ẹniọlá.”